Ọ̀gá Ẹnu Ọ̀nà ní Ṣáṣá

Ẹ má ṣe jẹ́ ká purọ́ mọ́ Fọlájìmí: kì í purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa purọ́ gbọ́dọ̀ lè rántí lónìí ohun tó sọ lánàá, Fọlájìmí kò sì ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni òun ń sọ ní tirẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò lè fi òótọ́ sílẹ̀ bó ṣe bá a. Bó bá rí òótọ́ kékeré tó tó ẹyin àparò, á jókòó lé e, á sàba lé e, nígbà tó bá fi máa dìde, ògòǹgò ló ti pa síbẹ̀.

Ọmọ abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akanran ni. Ó jáde ìwé mẹ́wàá, ìwé mẹ́wàá náà sì jáde lára rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ igi ọsàn iwájú ilé wọn ló sọ di ọ́fíìsì, ó ń sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe ìjọba fún ẹni tó bá ń kọjá lọ sóko, títí tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wọn fi ṣàánú rẹ̀, tó ní kó wá bá òun ṣiṣẹ́.

Ó yẹ ká mọ ìyàwó ilé yìí, torí òun ló ru gbogbo ẹrù tí Fọlájìmí ń fi yangàn. Olúrẹ̀mí lorúkọ rẹ̀. Àrẹ̀mú, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Fọlájìmí, ló fẹ́ ẹ, nígbà tí Fọlájìmí ṣì ń sáré káàkiri àgbàlá láìwọ ṣòkòtò. Ìmọ̀ ìṣirò ni obìnrin náà kà ní yunifásítì. Níbi tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àwọn ọkùnrin ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn tó tó odindi ilé ìdáná. Wọ́n ní kí òun máa lu ihò sára páálí tí ẹ̀rọ náà ń kà, pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ọwọ́ obìnrin. Ó ń lu ihò, ojú rẹ̀ ń bẹ lára wọn. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wá bi léèrè ibi tí àwọn ti ṣì í. Nígbà tí àyè ọ̀gá wá ṣí sílẹ̀, wọ́n gbé e fún ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé Olúrẹ̀mí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Olúrẹ̀mí kí ọmọkùnrin náà kú oríire, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ṣáṣá níbi tí ilé kò ti wọ́n, ó dá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí à ń wí yìí, ní nǹkan bí ọdún 1994, àwọn olóko adìẹ láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Lágelú kò jẹ́ po oúnjẹ adìẹ láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ Olúrẹ̀mí ti bá wọn ṣírò rẹ̀. Báńkì ń wá a. Oníṣòwò pákó ń wá a. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, obìnrin náà sì ni Ànúolúwapọ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó máa ń tú ìfun kọ̀ǹpútà síta bí alápatà, tí á sì tò ó padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Àmọ́ Ṣáṣá ni Ṣáṣá ń jẹ́. Ọkọ̀ ńláńlá ń já tòmátì àti ata láti òkè Ọya lójoojúmọ́, eruku ń sọ lálá lẹ́ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ tòmátì ń yọ̀ lójò. Kọ̀ǹpútà kò sì kórìíra nǹkan méjì, eruku nìkan ló kórìíra. Ni Olúrẹ̀mí bá ṣòfin: ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé yóò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ì báà jẹ́ gómìnà.

Ẹnu ọ̀nà yìí gan-an ni wọ́n gbé àga kan sí fún Fọlájìmí. Òun ló ń gba bàtà, tó ń nù ún, tó ń tò ó. Òun ló ń nu ilẹ̀. Bí iná bá lọ, òun ló ń sáré sísàlẹ̀ lọ tan jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ gidi ni, kò sì sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Fọlájìmí fi tọba jẹ́ tirẹ̀.

Bó bá ti dé abúlé lópin ọ̀sẹ̀, á so táì mọ́ ọrùn, á jókòó sáàárín àwọn ènìyàn.

"Ẹ̀yin ò mọ̀," á ní, "mánéjà báńkì ń bọ́ bàtà níwájú mi."

Òótọ́ ni.

"Kò sẹ́ni tó lè wọ yàrá kọ̀ǹpútà láìkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi."

Òótọ́ pọ́ńbélé.

"Bí mo bá káwọ́ gbera báyìí, gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ á kú fin-ín."

Ta ló tún fẹ́ jà á níyàn? Lìádì tó ń dá oko kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mi orí. Ó ní, "Níwájú ọba là ń bọ́ bàtà." Ẹnì kan ní à ń bọ́ ọ nínú ilé àdúrà Kérúbù náà. Lìádì ní ti mọ́ṣáláṣí ńkọ́? Wọ́n ro ó síwá, wọ́n ro ó sẹ́yìn, wọ́n fẹnu kò pé ohunkóhun tí Fọlájìmí bá jẹ́ ní Ṣáṣá, yóò wà láàárín kábíyèsí àti wòlíì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí i ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà.

Olúrẹ̀mí fúnra rẹ̀ wá fi epo sí iná náà, láìmọ̀. Bó bá ti wá sílé fún ìkórè tàbí òkú, á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, á lọ tààrà síwájú Fọlájìmí, á fi eékún méjèèjì kanlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ kú ilé o." Kí ló fẹ́ ṣe? Wọ́n bí Fọlájìmí sílé yẹn kí òun tó wọ̀ ọ́ níyàwó, ọkọ ni ó jẹ́ sí i, ì báà ṣe pé kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu imú nígbà náà. Àwọn ará ilé mọ̀ pé àṣà ni. Àwọn ará ìta kò bèèrè. Fọlájìmí kì í sì í dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

"Dìde, Ìyàwó," á ní, á fi ìka méjì kàn án léjìká. Lẹ́yìn náà á yíjú sí àwọn tó ń wòran. "Ibi iṣẹ́ kan náà la jọ wà. Ọmọlúàbí ni. Ó mọ ẹni tó yẹ kó bọ̀wọ̀ fún."

Ní ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ní ibi iṣẹ́, "Ẹ káàárọ̀, mà" ni, "Fọlá, jọ̀ọ́ nu àtẹ̀gùn" ni. Iṣẹ́ niṣẹ́, ilé nilé. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, ì bá sì máa lọ bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Dorothy.

Dorothy ni ọmọ Tíṣà Elijah, àgbàlagbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé òdìkejì odò. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Fọlájìmí jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Fọlájìmí dúró síbi tó dúró sí, Dorothy lọ kọ́ ìṣirò dé pólì. Iṣẹ́ kò wá yọjú, ló bá ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní ìlọ́po nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Fọlájìmí rẹwà, ó mọ ẹ̀rín pa, ó sì ṣèlérí fún un pé, "Ọjọ́ tí mo bá gbé ọ níyàwó, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ní mọ́ bá ọ láìjókòó sídìí kọ̀ǹpútà." Dorothy gbà láti fẹ́ ẹ. Ẹ má bi mí èwo ló fẹ́ jù nínú ọkọ àti kọ̀ǹpútà.

Tíṣà Elijah ní òun gbọ́, àmọ́ òun kò fi ọmọ fún ẹnu. "Ṣé ìwádìí la kì í ṣe mọ́ ni? A máa lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá rí bó ṣe wí, ó ti gba ìyàwó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó má débí mọ́." Ó wá pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìyá Olúwadọ̀tun, ọmọ ìjọ Kérúbù tó máa ń ṣe ìwádìí àna fún gbogbo ẹbí. Obìnrin yìí kì í pariwo. Ìbéèrè ló máa ń bi ènìyàn, á sì máa wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń gbé irọ́ rẹ̀ mì.

Ẹlòmíràn gbọ́ irú èyí, á sá wọgbó. Fọlájìmí gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti ro tirẹ̀. Òun kò ní sọ pé òun ni ọ̀gá. Kí ni òun fẹ́ máa sọ ọ́ sí? Òun á kàn ké sí Olúrẹ̀mí síta níwájú àna. Olúrẹ̀mí á kúnlẹ̀. Àna á rí i. Ó parí.

Lọ́jọ́ náà, ó yá táì pupa kan, ó nu ilẹ̀ títí ó fi ń dán, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìnulẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jókòó. Tíṣà Elijah, Ìyá Olúwadọ̀tun àti Dorothy gun àtẹ̀gùn dé. Fọlájìmí fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ náà dára. Táì nìkan ni kò bá a dọ̀bálẹ̀, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló balẹ̀ sí.

Ó dìde, omi ẹ̀gbin ń kán tótó sí i láyà.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ... ẹ jọ̀ọ́, bàtà."

Ìyá Olúwadọ̀tun ti bọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán kì í ṣe tuntun fún ọmọ Kérúbù. "Ṣé ilẹ̀ mímọ́ nibí ni?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà."

"Ó ju ilẹ̀ mímọ́ lọ?" Obìnrin náà fi ìka kan orí, ó kan àyà.

Tíṣà Elijah kò bọ́ tirẹ̀. "Kí èmi Elijah bọ́ bàtà fún ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

"Kì í ṣe fún mi, sà. Fún kọ̀ǹpútà ni."

"Ṣé kọ̀ǹpútà náà fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

Dorothy fi ọwọ́ bo ẹnu. Àsìkò yẹn gan-an ni Ọlọ́run gbé mánéjà báńkì kan gòkè wá, tòun ti kóòtù. Ayọ̀ kún inú Fọlájìmí. Ó ṣẹ́jú sí àwọn àna rẹ̀ pé kí wọ́n máa wòran. Lóòótọ́, mánéjà bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà níwájú rẹ̀. Ó wá nà án sí i.

"Tòmátì wà nídìí èyí. Nù ún dáadáa o. Ṣé ọ̀gá wà?"

"Wọ́n wà, sà."

Mánéjà wọlé. Tíṣà Elijah tẹjú mọ́ Fọlájìmí. "Ọ̀gá wo ló ń bèèrè?"

"Èmi ni, sà. Ó ń bèèrè bóyá mo wà ni."

"Ìwọ tó ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àwọn ará báńkì ò fẹ́ àṣìṣe, sà."

Nígbà tí mánéjà ti bọ́ tirẹ̀, Tíṣà Elijah náà bọ́ bàtà, Fọlájìmí sì yára kó wọn wọ yàrá àlejò, níbi tí wọ́n ti lè rí àwọn obìnrin náà lẹ́yìn gíláàsì, olúkúlùkù nídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kò jẹ́ kí ìdí wọn gbóná kó tó na ọwọ́ mú ohun ìjà rẹ̀. Ó kọ́ ọ̀fun, ó ké:

"Ìyàwó!"

Gbogbo yàrá náà gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Olúrẹ̀mí dìde nídìí tábìlì, ó ti fẹ́ fajú ro, àmọ́ ó rí Tíṣà Elijah nínú agbádá, ó rí ìyá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ọmọbìnrin tó wojú ilẹ̀. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ló gòkè wá sí ibi iṣẹ́ yìí, àti pé àna ni. Ó jáde wá, ó fi eékún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ kú àlejò. Bàbá, ẹ káàbọ̀, sà. Ìyá, ẹ káàbọ̀, mà."

Ẹ rí Fọlájìmí! Ó ga sí i. Táì rẹ̀ tó tutù gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Tíṣà Elijah wo obìnrin náà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀, ó wo Fọlájìmí, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ká ní Fọlájìmí dákẹ́ níbẹ̀ ni, ìyàwó ti délé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, wọ́n ní. Fọlájìmí kò dákẹ́ rí láyé rẹ̀, tara rẹ̀ náà kò sì gbádùn rí.

"Ìyàwó, bá wọn bu omi wá."

Olúrẹ̀mí bu omi wá, ó tún kúnlẹ̀ gbé e fún wọn, ó padà sínú. Fọlájìmí gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Gbogbo àwọn obìnrin tí ẹ ń wò yẹn, bí mi ò bá sí, wọn ò lè ṣe nǹkan kan."

Dorothy ti sún mọ́ gíláàsì. "Kí ni wọ́n ń ṣírò?"

"Oúnjẹ adìẹ."

"Báwo ni ẹ̀rọ yẹn ṣe ń mọ iye àgbàdo àti ẹ̀pà tó yẹ kó wọ inú ẹ̀?"

Ẹni tó bá gbọ́n á ní òun kò mọ̀. Fọlájìmí ronú díẹ̀, ìyẹn ni pé ó wo òkè àjà. "Ó máa ń tọ́ ọ wò ni."

"Kí lo sọ?"

"Ó ní ahọ́n. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n fi sí, ẹ ò lè rí i láti ibí."

Dorothy wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ìyá Olúwadọ̀tun gbé ife omi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mìíràn, gbì! wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. Bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bẹ̀rẹ̀ sí í ké tíì, tíì, tíì, gbogbo àwọn obìnrin náà sì fi ohùn kan pariwo:

"Fọlá! Iná!"

Fọlájìmí kò mira.

"Ta ni Fọlá?" Tíṣà Elijah bèèrè.

"Jẹnẹrétọ̀ wa ni, sà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn."

Ilẹ̀kùn ṣí, Ànúolúwapọ̀ yọrí síta. "Fọlá, ṣé etí rẹ di ni?"

Ìyá Olúwadọ̀tun kó ọwọ́ lé itan. "Kọ̀ǹpútà tó ní ahọ́n, jẹnẹrétọ̀ tó ní etí. Ayé ti dayé òyìnbó lóòótọ́."

Bátìrì ń ké. Iṣẹ́ láti àárọ̀ wà nínú ẹ̀rọ, bí bátìrì bá kú, gbogbo rẹ̀ á ṣòfò. Olúrẹ̀mí kò jágbe mọ́ Fọlájìmí bí ì bá ṣe jágbe mọ́ ọn ní ọjọ́ mìíràn. Ó jáde wá, ó tún kúnlẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́ lọ́dọ̀ àna. Ẹ bá wa lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Fọlájìmí dìde, ó tún táì ṣe. "Ẹ rí i, sà? Mo ní wọn ò lè dá a ṣe."

Ìyá Olúwadọ̀tun ti dé ojú fèrèsé kí ó tó délẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà wà lẹ́yìn ilé, nínú ẹrẹ̀, epo dúdú yí i ká. Fọlájìmí fa okùn rẹ̀. Ó ní pùúù, ó dákẹ́. Ó tún fà á. Pùúù. Ó gbójú sókè, ó rí àna rẹ̀ lójú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ̀yìn rìn kí ó lè fa èyí tó kẹ́yìn bí akọni. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ti Fọlájìmí, ẹrẹ̀ ló lọ mú wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó lọ sílẹ̀ yàà, ó jókòó sínú epo dúdú, okùn já sí i lọ́wọ́.

Ànúolúwapọ̀ sáré kọjá lára rẹ̀. Ó wé okùn mìíràn mọ́ ẹ̀rọ náà, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, jẹnẹrétọ̀ bú ramúramù. Kò wo Fọlájìmí. Ó sáré padà sókè.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Ti Fọlájìmí kò tíì gun àtẹ̀gùn tán tí òótọ́ fi ń dúró dè é lókè, ó ti jókòó, ó ti mumi.

Ó fẹ́ wọlé, Ànúolúwapọ̀ na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. "Níbo lò ń gbé ẹsẹ̀ epo yẹn lọ? Òfin ni. Dúró síbẹ̀."

Ó dúró síbẹ̀. Epo dúdú ń kán lára rẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ti nù.

Ìyá Olúwadọ̀tun yíjú sí Olúrẹ̀mí. "Ìyàwó, ẹ má bínú. Iṣẹ́ wo gan-an ni ọkọ yín yìí ń ṣe níbí?"

Ìbéèrè ọ̀hún le. Ìyàwó ilé kì í dójú ti ọkọ níwájú àna, obìnrin náà kò sì fẹ́ purọ́ fún àgbà. Ó kúnlẹ̀. "Àwọn ló ń bá wa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mà. Bí kò bá sí wọn, eruku Ṣáṣá ì bá ti pa gbogbo ẹ̀rọ wa."

"Ó dáa. Ta ló wá ni ọ̀gá?"

Olúrẹ̀mí wo ilẹ̀. Ìgbà náà ni mánéjà báńkì jáde láti inú, tó ń lọ wá bàtà rẹ̀. Ó rí i lórí ìkúnlẹ̀, ó ta gìrì.

"Màdáámù! Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sí, sà. Ọkọ mi ni mò ń kí."

"Ọkọ yín? Níbo ni?" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bọ́ sára Fọlájìmí. "Fọlá? Tiwa yìí?" Ẹ̀rín gbé e. Ó rín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá yíjú sí Tíṣà Elijah. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò rí i kí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ máa kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń nu bàtà rí. Ilé ọkọ yìí, ó le o!" Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ń rẹ́rìn-ín lọ sísàlẹ̀.

Tíṣà Elijah ló kọ́kọ́ dìde, ó ní kí wọ́n fún òun ní bàtà òun. Fọlájìmí tẹ̀ ba, ó yọ bàtà náà láàárín gbogbo bàtà tó wà níbẹ̀ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó fi aṣọ mímọ́ nù ún, ó gbé e sílẹ̀, ó kọ imú rẹ̀ síta kí àgbà má baà yí padà kó tó wọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe dáadáa láti àárọ̀ nìyẹn.

"O mọ iṣẹ́ yìí," Tíṣà Elijah wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́? Ká ní o wí fún mi pé bàtà lo ń tò, ǹ bá fún ọ ní Dorothy. Èmi náà gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó di tíṣà. Àmọ́ ọmọ mi kò lè fẹ́ ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ pe jẹnẹrétọ̀."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"Ìwádìí ti parí."

Fọlájìmí wo Dorothy. Ó dun ún, a ò ní parọ́. Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Dorothy kò tilẹ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Ó ti padà sí iwájú gíláàsì, Olúrẹ̀mí sì ti dúró tì í.

"Báwo lo ṣe rò pé ó ń mọ iye àgbàdo?" Olúrẹ̀mí bi í.

"Kò mọ̀ ọ́n, mà. Èèyàn ló máa sọ fún un ohun tó wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan àti iye tí wọ́n ń tà á. Òun á kàn máa dán oríṣiríṣi wò títí á fi rí èyí tó dín owó kù, tí adìẹ á sì ṣì yó."

"Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlọ́po nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mà."

"Wá lọ́jọ́ Ajé," Olúrẹ̀mí wí.

Ìyá Olúwadọ̀tun rọra mi orí. "Ọkọ la bá wá," ó wí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Iṣẹ́ ló bá wa lọ. Tiwa kò burú."

Ẹ̀yin á rò pé ìyẹn ti tó láti pa Fọlájìmí lẹ́nu mọ́. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó máa fi di Sátidé, ó ti dé abúlé, táì ti gbẹ, Lìádì sì ti jókòó tì í.

"A gbọ́ pé ọ̀rọ̀ Dorothy kò lọ mọ́."

"Èmi ni mo fà á padà," Fọlájìmí wí. "Ṣé ó yẹ kí ọ̀gá fẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí òun wà? Mo kúkú ti fún un níṣẹ́. Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀. Níwájú mi ló máa ti bọ́ bàtà."

"Háà," Lìádì wí. "Ẹ ṣàánú."

Òótọ́ ni, ẹ ẹ̀ rí i? Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀, níwájú rẹ̀ ló sì ti bọ́ bàtà. Fọlájìmí jókòó sórí àga rẹ̀, ó fẹ àyà, ó ń retí ìkíni. Ó ti gbàgbé pé ìyàwó ilé nìkan ló ń kúnlẹ̀ fún irú rẹ̀, àti pé ìwádìí ti rí sí i pé Dorothy kò ní jẹ́ ìyàwó ilé wọn láéláé. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ náà, wọ́n jọ kọ́ A-B-D lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ni.

Dorothy na bàtà sí i. Eékún rẹ̀ kò tẹ̀.

"Fọlájìmí, ọ̀gá ní epo jẹnẹrétọ̀ ti ń tán. Tètè lọ ra á kí ọjà tó kún."

Fọlájìmí wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì.

"Ó dáa, mà," ó ní.